Ẹ̀KỌ́ KEJÌDÍNLÓGÚN: BÍ A ṢE MỌ̀ PÉ ÌRÀWỌ̀ Ń RÌN

Ẹ̀yin ọmọ, ta ni nínú yín tí kò tí ì jókòó sí ìta rí ní alẹ́, nígbà tí ooru bá mú nínú ilé, tí ó sì gbé ojú sókè wo ìràwọ̀? Bí kò bá sí ìkúùkù, tí òṣùpá kò sì tí ì yọ, ìràwọ̀ a pọ̀ bí ẹni pé ẹnì kan da àgbàdo sí orí aṣọ dúdú. Bí ẹ bá wò wọ́n fún ìgbà díẹ̀, ẹ ó rò pé ojú kan ni wọ́n dúró sí. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sùn, kí ẹ jí ní òru, kí ẹ tún jáde wò wọ́n. Èyí tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ igi máńgòrò tẹ́lẹ̀ ti dé òkè orí. Èyí tí ó wà ní òkè orí ti ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn.

Ṣé ìràwọ̀ ni ó rìn? Rárá o, àwa ni a rìn. Ayé tí a ń gbé inú rẹ̀ ń yí bí òkòtó, ó sì ń yí lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá jókòó sínú ọkọ̀ a máa rí igi ẹ̀bá ọ̀nà bí ẹni pé wọ́n ń sá padà sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìràwọ̀ ṣe ń kọjá lójú wa ní alẹ́.

Ohun kan tún wà. Ìràwọ̀ tí ó bá yọ ní agogo mẹ́jọ alẹ́ òní yóò yọ ní ìṣẹ́jú mẹ́rin ṣáájú agogo mẹ́jọ ní ọ̀la. Ìṣẹ́jú mẹ́rin kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹ fi 30 ọjọ́ sọ ọ́ di púpọ̀. Ó di 120 ìṣẹ́jú, èyí tí í ṣe wákàtí méjì. Ìdí nìyí tí àwọn ìràwọ̀ tí a ń rí ní ìrọ̀lẹ́ nígbà ọyẹ́ kì í fi í ṣe àwọn tí a ń rí ní àsìkò iṣu tuntun. Yíyí tí ayé ń yí oòrùn ká ni ó fà á. Èyí náà kì í ṣe ìrìn ìràwọ̀.

Bóyá ẹnì kan nínú yín yóò béèrè pé, “Àgùàlà ńkọ́?” Àgùàlà tí àwọn àgbà ń pè ní ajá òṣùpá kì í dúró sí ojú kan láàárín àwọn yòókù. Nígbà mìíràn ìrọ̀lẹ́ ni a ń rí i, nígbà mìíràn àfẹ̀mọ́júmọ́ ni. Ìbéèrè yìí dára, ṣùgbọ́n Àgùàlà kì í ṣe ìràwọ̀. Ayé mìíràn ni, ó ń yí oòrùn ká bí ayé tiwa yìí, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni ó sì ń tàn lára rẹ̀. Ìràwọ̀ gan-an yàtọ̀. Oòrùn ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Jíjìnnà tí wọ́n jìnnà sí wa ni ó mú kí wọ́n kéré lójú wa.

Bí a bá wá mú ìrìn ayé kúrò, tí a mú Àgùàlà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kúrò, ǹjẹ́ ìràwọ̀ kankan wà tí ó ń kúrò ní ààyè rẹ̀ láàárín àwọn ìràwọ̀ yòókù? Fún ẹgbẹ̀rún ọdún púpọ̀, gbogbo ènìyàn ni ó sọ pé kò sí. Wọ́n ní ìràwọ̀ dà bí ìṣó tí a kàn mọ́ pátákó. Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ṣe rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Bí a ṣe ń wọn ojú ọ̀run

Kò sí ẹni tí ó lè gbé rúlà sí ojú ọ̀run. Dígírì ni a fi ń wọ̀n ọ́n, irú èyí tí ẹ ń lò nínú ìṣirò bí ẹ bá ya àyíká. Àyíká kan jẹ́ 360 dígírì. Ẹ na apá yín tààrà, kí ẹ gbé ìka tí ó kéré jù lọ sókè, kí ẹ sì di ojú kan. Ohun tí ìbú ìka náà bò ní ojú ọ̀run tó nǹkan bí dígírì kan. Òṣùpá kò tó bẹ́ẹ̀, ìlàjì dígírì péré ni. Ẹ dán an wò ní alẹ́ tí òṣùpá bá kún. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni kì í gbà á gbọ́ títí wọn yóò fi dán an wò fúnra wọn.

Àwọn tí ń wọn ìràwọ̀ tún pín dígírì kan sí ọ̀nà 60. Wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú. Wọ́n sì tún pín ìṣẹ́jú kan sí ọ̀nà 60, wọ́n ń pè é ní ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ yìí da yín láàmú: kì í ṣe ti agogo. Ìwọ̀n ni, kì í ṣe àkókò. Báwo ni ìṣẹ́jú àáyá kan ṣe kéré tó? Ẹ fa ìlà kékeré kan tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà kan. Kí ẹnì kan gbé e lọ sí ibi tí ó jìnnà tó kìlómítà méjì, kí ẹ̀yin dúró síbí kí ẹ máa wò ó. Ìwọ̀n tí ìlà náà yóò ní lójú yín nìyẹn. Kò sí ojú ènìyàn tí ó lè rí i.

Ìwé àtijọ́ àti ojú tuntun

Ní nǹkan bí 130 ọdún kí a tó bí Jésù, ọkùnrin ará Gíríìkì kan wà ní erékùṣù Rhodes tí ń jẹ́ Hipparchus. Kò ní awò-awọ̀nàjíjìn, nítorí kò tí ì sí irú rẹ̀ ní ayé. Ojú lásán ni ó fi wo àwọn ìràwọ̀, ó sì kọ ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wọn wà sílẹ̀. Ó tó nǹkan bí 280 ọdún lẹ́yìn rẹ̀ kí Ptolemy tó kọ ìwé tirẹ̀ ní ìlú Alexandria ní ilẹ̀ Íjíbítì, ní Áfíríkà wa níhìn-ín. Ìràwọ̀ tí ó wà nínú ìwé náà lé ní 1,000. Àwọn adàwékọ ń da ìwé yìí kọ láti ìran dé ìran, láti èdè kan dé òmíràn, kò sì parun.

Hipparchus rí ohun ìyanu kan. Nígbà tí ó fi iṣẹ́ rẹ̀ wé ti àwọn tí ó ti wọn ìràwọ̀ ṣáájú rẹ̀, ó rí i pé gbogbo ìràwọ̀ ni ó ti sún díẹ̀, tí gbogbo wọn sì jọ sún pọ̀. Lónìí a mọ ìdí rẹ̀. Ẹ ti rí òkòtó bí ó bá ń yí tí agbára rẹ̀ fẹ́ tán: orí rẹ̀ a máa mì yíká díẹ̀díẹ̀. Ayé náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀ lọ́ra gidigidi. Ó tó 26,000 ọdún kí orí ayé tó mì yíká lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, bí gbogbo ìràwọ̀ bá jọ sún pọ̀, ẹ mọ̀ pé ayé ni ó sún.

Ní ọdún 1718, Edmond Halley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún ṣí ìwé àtijọ́ náà. Halley yìí kan náà ni a fi orúkọ rẹ̀ pe ìràwọ̀ onírù tí a rí kẹ́yìn ní 1986, tí yóò sì tún padà wá ní 2061. Bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí yín sí, ẹ ó rí i. Halley fi ibi tí ìràwọ̀ wà nígbà tirẹ̀ wé ibi tí àwọn ará àtijọ́ ní wọ́n wà. Ó yọ mímì orí ayé kúrò nínú ìṣirò rẹ̀. Ó yẹ kí gbogbo wọn bá ara mu. Púpọ̀ nínú wọn bá ara mu lóòótọ́, ṣùgbọ́n mẹ́ta kọ̀: Sirius, Arcturus àti Aldebaran. Arcturus ti kúrò ní ààyè rẹ̀ ní ohun tí ó ju dígírì kan lọ, bí ẹni pé a to òṣùpá méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Ẹ lè sọ pé àwọn ará àtijọ́ ni wọ́n ṣe àṣìṣe, tàbí pé adàwékọ kan ni ó ṣi nọ́ńbà kọ. Ó yẹ kí ẹ rò bẹ́ẹ̀, ó dára kí ènìyàn máa yẹ nǹkan wò. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́ta yìí wà lára àwọn ìràwọ̀ tí ó mọ́lẹ̀ jù lọ ní ojú ọ̀run. Ta ni yóò wo ìràwọ̀ tí ó mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí yóò ṣi ààyè rẹ̀ mọ̀, nígbà tí ó mọ ààyè àwọn kékeré tí ó wà nítòsí rẹ̀? Halley sọ pé àwọn ìràwọ̀ náà ni wọ́n rìn. Láti ìgbà Hipparchus títí di ìgbà náà lé ní 1,800 ọdún. Kò sí ènìyàn kan tí ó lè gbé ayé pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láti rí ìrìn náà. Ìwé ni ó rí i.

Èé ṣe tí ìrìn wọn fi lọ́ra báyìí? Kò lọ́ra rárá. Nígbà tí ọkọ̀ òfurufú bá ń kọjá ní òkè réré, ó dà bí ẹni pé ó ń rá kòrò, bẹ́ẹ̀ ni ó sì yára ju ọkọ̀ ilẹ̀ èyíkéyìí lọ. Jíjìnnà ni ó tan ojú jẹ. Ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bí 300,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ti agogo. Láti ọ̀dọ̀ oòrùn, ó ń dé ọ̀dọ̀ wa ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Láti ọ̀dọ̀ Sirius, ó ń gbà á ju ọdún mẹ́jọ lọ.

Àwòrán orí gíláàsì

Nígbà tí fọ́tò dé, iṣẹ́ yìí yí padà. A lè ya àwòrán ojú ọ̀run sórí gíláàsì lónìí, kí a tọ́jú rẹ̀, kí a tún ya ibẹ̀ kan náà lẹ́yìn ogún ọdún, kí a sì fi méjèèjì wé ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ E. E. Barnard ṣe. Ọmọ tálákà ni. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ó wà tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ayàwòrán. Ní 1916, ó fi gíláàsì ọdún náà wé ti 1894, ó sì rí ìràwọ̀ kékeré kan tí ó ti sá kúrò ní ààyè rẹ̀. Títí di òní, òun ni ìrìn rẹ̀ yára jù lọ ní ojú ọ̀run nínú gbogbo ìràwọ̀ tí a mọ̀. A ń pè é ní Ìràwọ̀ Barnard. Ó ń rin ìṣẹ́jú àáyá 10 àti díẹ̀ ní ọdún kan. Yóò tó nǹkan bí 180 ọdún kí ó tó rin ìwọ̀n ìbú òṣùpá kan péré. Ìyẹn ni a sì ń pè ní eré sísá láàárín ìràwọ̀!

Ṣùgbọ́n èyí tí ó wu èmi jù lọ nínú ìtàn yìí ni ti àwọn obìnrin mẹ́rin kan. Ní 1887, àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ pé jọ sí ìlú Paris, wọ́n sì gbà láti ya gbogbo ojú ọ̀run ní fọ́tò. Wọ́n pín in fún àwọn ilé ìwòràwọ̀ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, bí ìgbà tí a pín oko fún ọmọ ìyá. Ti Algiers àti ti Cape Town ní Áfíríkà wà lára wọn. Póòpù náà ní ilé ìwòràwọ̀ ní Vatican, ó sì gba ìpín tirẹ̀. Yíyà kò le. Kíkà ni ó le. Ìràwọ̀ hàn lórí gíláàsì bí àmì dúdú tíntìntín, a sì ní láti wọn ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, kí a kọ ọ́ sínú ìwé.

Ta ni yóò ṣe é? Wọ́n gba àwọn sísítà kan nínú ìjọ Kátólíìkì sí iṣẹ́ náà: Sísítà Emilia Ponzoni, Sísítà Regina Colombo, Sísítà Concetta Finardi àti Sísítà Luigia Panceri. Láti 1910 títí di 1921, wọ́n ń wo inú awò amúǹkan-tóbi, wọ́n ń ka nọ́ńbà jáde, ẹnì kejì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìràwọ̀ tí wọ́n wọ̀n jẹ́ 481,215. Ẹ rò ó wò ná! Bí sísítà kan bá ṣi nọ́ńbà kan péré kọ, ẹni tí yóò bá lò ó lẹ́yìn ọ̀la yóò rò pé ìràwọ̀ náà ni ó sá lọ. Nítorí náà, kò sí ọjọ́ tí wọ́n lè fi ọwọ́ dẹngbẹrẹ mú iṣẹ́ náà.

Wọ́n tẹ nọ́ńbà wọn jáde pẹ̀lú ti àwọn ilé ìwòràwọ̀ yòókù, ìwé ńláńlá ni, ó sì wà ní orí pẹpẹ fún ọdún púpọ̀ tí ènìyàn díẹ̀ ń ṣí i. Orúkọ àwọn sísítà náà kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ọdún 2016 ni ìròyìn orúkọ wọn tó tàn ká, nígbà tí a rí i nínú ìwé àtijọ́.

Àwọn sátẹ́láìtì

Afẹ́fẹ́ tí ó yí ayé ká a máa mú kí ìràwọ̀ máa ṣẹ́jú, kì í jẹ́ kí a wọ̀n wọ́n dáadáa. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Yúróòpù fi rán sátẹ́láìtì kan lọ sókè ní oṣù kẹjọ ọdún 1989. Wọ́n pè é ní Hipparcos, láti fi rántí Hipparchus ìjelòó. Kò pẹ́ tí ó gbéra ni ẹ̀rọ tí ó yẹ kí ó tì í dé ipò rẹ̀ kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́. Sátẹ́láìtì náà wá ń lọ ń bọ̀ ní ọ̀nà tí kò yẹ kí ó gbà, níbi tí ìtànṣán búburú ti ń ba ẹ̀rọ jẹ́. Àwọn tí ó rán an kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Wọ́n tún ìlànà iṣẹ́ rẹ̀ tò láti ilẹ̀ ayé, ó sì ṣiṣẹ́ títí di 1993. Ní 1997, wọ́n tẹ ìwé ìràwọ̀ 118,218 jáde láti inú iṣẹ́ rẹ̀. Ìwọ̀n náà péye débi pé bí ẹ bá gbé ìlà sẹ̀ǹtímítà kan yẹn lọ sí ibi tí ó jìnnà tó 2,000 kìlómítà, tí ó ju Èkó sí Maiduguri lọ, òun ni yóò bá a mu.

Hipparcos tún wo ìràwọ̀ púpọ̀ mìíràn tí kò wọ̀n dáadáa tó bẹ́ẹ̀. Láti mọ ìrìn àwọn wọ̀nyẹn, wọ́n nílò ìwọ̀n àtijọ́ tí wọn yóò fi wé tuntun. Níbo ni wọn yóò ti rí i? Wọ́n padà lọ sí ìwé ńláńlá orí pẹpẹ. Wọ́n ti tẹ àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ti àwọn sísítà mẹ́rin sì wà níbẹ̀. Ní 2000, ìwé tuntun jáde tí ó ní ìrìn ìràwọ̀ bí mílíọ̀nù méjì ààbọ̀.

Sátẹ́láìtì kejì ni Gaia, tí ó gbéra ní oṣù kejìlá 2013, tí ó sì parí ìwòràwọ̀ rẹ̀ ní oṣù kìíní 2025, nígbà tí gáàsì rẹ̀ fẹ́ tán. Ìwé tí ó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde ní 2022 ní ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù 1.8 nínú. Bí ẹ bá ka ẹyọ kan ní ìṣẹ́jú àáyá agogo kọ̀ọ̀kan, tí ẹ kò sùn, tí ẹ kò jẹun, yóò gbà yín ní nǹkan bí 57 ọdún. Láti inú irú ìwọ̀n yìí ni a fi mọ̀ pé Ìràwọ̀ Barnard ń bọ̀ wá sí ọ̀dọ̀ wa, pé ní nǹkan bí 10,000 ọdún sí i yóò súnmọ́ wa ju bí ó ti wà lónìí lọ, lẹ́yìn náà yóò sì tún máa jìnnà. Kò ní kọlù wá, ẹ má bẹ̀rù.

Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tó ta kókó

Adàwékọ: ẹni tí ń fi ọwọ́ da ìwé kọ.
Awò-awọ̀nàjíjìn: ohun tí a fi ń wo nǹkan tí ó jìnnà.
Awò amúǹkan-tóbi: ohun tí a fi ń wo nǹkan tíntìntín kí ó lè tóbi lójú.
Ilé ìwòràwọ̀: ilé tí a kọ́ láti máa wo ìràwọ̀ níbẹ̀.

Ìdánrawò

1. Kí ni ó fà á tí ìràwọ̀ fi ń lọ láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn ní alẹ́ kan?
2. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín Àgùàlà àti ìràwọ̀?
3. Dárúkọ ìràwọ̀ mẹ́ta tí Halley rí pé wọ́n ti kúrò ní ààyè wọn.
4. Bí gbogbo ìràwọ̀ bá jọ sún pọ̀, kí ni ó sún? Báwo ni ẹ ṣe mọ̀?
5. Ọ̀rẹ́ yín kan sọ pé, “Kò sí ohun tí nọ́ńbà ọdún 1910 lè wúlò fún mọ́.” Kí ni ẹ ó sọ fún un?
6. Ìràwọ̀ kan yọ ní agogo mẹ́wàá alẹ́ òní. Agogo mélòó ni yóò yọ ní ọjọ́ 15 sí i?

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ní oṣù kìíní tàbí oṣù kejì ọdún, ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án alẹ́, bí ọyẹ́ kò bá bo ojú ọ̀run, kí ẹ̀yin àti àgbàlagbà kan nínú ilé jáde. Ẹ wá ìràwọ̀ mẹ́ta tí ó tò sí orí ìlà kan. Bí ẹ bá tẹ̀lé ìlà náà lọ sí apá gúúsù, ẹ ó bá ìràwọ̀ tí ó mọ́lẹ̀ ju gbogbo ìràwọ̀ lọ: Sirius nìyẹn. Bí ẹ bá tẹ̀lé e lọ sí apá àríwá, ẹ ó bá èyí tí ó pọ́n rúsúrúsú: Aldebaran nìyẹn. Ẹ ya gbogbo wọn sínú ìwé yín, kí ẹ fi ìka wọn bí wọ́n ṣe jìnnà sí ara wọn, kí ẹ sì kọ ọjọ́, oṣù àti ọdún sí abẹ́ rẹ̀.